Bí Bàbá Rẹ Ṣe La Ìyá Mazu Lójú

Siok-hui ọmọ mi, ọmọ tí mo gbé pọ̀n lọ sójú òkun kó tó mọ ilẹ̀ tẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Taipei ò mú ọ jù, ṣé o sì ń jẹun kánú? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá Mazu, òrìṣà òkun tó ń kó apẹja wálé, kò ní jẹ́ kí o sọnù sáàárín èrò, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ rìn yẹn. Ẹlẹ́dẹ̀ wa bí mẹ́jọ, ọ̀kan kú. Ìṣáwùrú òkun sanra lọ́dún yìí, ẹ̀yìn ń dùn mí bí mo bá ń ṣí èèpo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ̀yìn má dun òun, kó má jẹun.

Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lo fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ kẹrin rèé tí o pè tí ò ń sunkún, tí ò ń bi mí pé ṣé bàbá ni, ṣé bàbá ni, tí jìnnìjìnnì fi bò mí, tí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ mi sínú korobá ìṣáwùrú. Mo ti rì í sínú ìrẹsì, Bun-tik tó ń tọ́jú tẹ́ḿpìlì ní á sàn, ṣùgbọ́n kò tíì jẹun tó. Nọ́ńbà rẹ sì wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí síléètì dígí tí o fi ránṣẹ́ dé, o ní kí n tẹ nọ́ńbà ọjọ́ ìbí mi kó tó lè ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tún kí i pé ẹ káàárọ̀, kó má baà rò pé wọn ò kọ́ wa nílé. Ó ṣí lóòótọ́. Ìyá Mazu ló jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ pupa, adé lórí, ìgbì òkun lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n rẹwà débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo gbé wọn sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá mi, mo to ọsàn mẹ́ta síwájú wọn, mo tan tùràrí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sùn, dígí dúdú. Mo fi ìka kàn wọ́n, wọ́n jí, wọ́n tún sùn. Mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni, ọ̀nà Taipei jìn. Ìgbà tí mo wá ń fi aṣọ nu eérú tùràrí kúrò, ni imú wọn bá ń fẹ̀, ó fẹ̀ títí ó fi gba gbogbo dígí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí Bun-tik wọlé, tó fi ìka méjì kó imú náà jọ padà.

Bun-tik ló rí i. Ó ní ẹ wò ó, Ìyá yìí ò ní ẹyinjú. Mo wò ó, òótọ́ ni, funfun báláú. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ tí o fi gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni ìpàtẹ àwòrán tí o ti fẹ́ fi Ìyá yìí han èrò ní Taipei máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá á wá bá òrìṣà tó fọ́jú lára ògiri, wọ́n á ní ọmọ ta nìyí.

O sì mọ bàbá rẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi kun àwọn ọ̀gágun méjì tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì, kò sì sí òrìṣà kan ní abúlé yìí tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ya ẹyinjú sí i, tó là á lójú. Àfi ìgbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí búrọ́ọ̀ṣì yọ̀, tó fi irùngbọ̀n sí ọ̀gágun létí. Wọ́n kó búrọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ibùsùn, ọdún kẹta rèé. Bí mo bá dárúkọ iṣẹ́ tìrẹ, wọ́n á ní àwòrán tí kò rùn kì í ṣe àwòrán. Gègé funfun tó bá síléètì wá, tí o ní ti bàbá ni yẹn, wọ́n ní gègé tí kò ní ihò yíńkì, ṣé kí àwọn fi họ ẹ̀yìn ni. Wọ́n sì fi họ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, mo lọ da igi ìbéèrè méjì sílẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì, mo ní ṣé kí bàbá Siok-hui la Ìyá lójú. Igi méjèèjì dojú sókè, Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Mo tún un dà, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan dojú sókè, ọ̀kan dojú bolẹ̀, wọ́n ti gbà. Mo sáré délé. Bàbá rẹ ní ṣé n ò rí i pé ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n ni. Mo ní ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n, ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wòran, ọmọ yín ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Wọ́n fa síléètì náà sọ́dọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí Bun-tik lọ gbé àkùkọ ẹ̀ wá.

A ṣe é bó ṣe yẹ. Bun-tik fi jígí gba oòrùn, ó tàn án sójú síléètì. Ẹ̀jẹ̀ ogbe àkùkọ kán sórí dígí, mo ti nù ún, àkùkọ náà ò kú, ó kàn ń bá wa yan odì ni. Bàbá rẹ ti gègé funfun bọ ọ̀dà pupa. Èmi ò rí ìyókù, torí ọdún ẹkùn, bí a ṣe ń ka ọdún níbí, ni wọ́n bí mi, ẹni ọdún ẹkùn kì í wo òrìṣà tí wọ́n ń là lójú. Mo kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ, mo ń gbọ́ bí bàbá rẹ ṣe ń mí, mo ń retí kí wọ́n kígbe pé ó ti bàjẹ́. Wọn ò kígbe. Nígbà tí wọ́n ní kí n yíjú padà, Ìyá Mazu ń wò mí bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí tí mo bá pẹ́ dé láti etíkun. Bàbá rẹ fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn bo ẹnu, ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́.

Mo nu ọ̀dà pupa kúrò, mo bá ẹyinjú dúdú méjì lábẹ́ ẹ̀. Mo nù ún, mo nù ún, kò nù. Ibẹ̀ la wà tí o fi pè, tí o ní ojú Ìyá Mazu là lára ògiri níwájú gbogbo èrò, ọ̀tún kọ́kọ́ là, òsì tẹ̀lé e, àwọn àgbàlagbà sì ń kúnlẹ̀. O ní o mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú yẹn sílẹ̀ láti ọdún tuntun ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ni, kì í ṣe tìrẹ. Siok-hui, kí ló dé tí o ò sọ fún wa? Mo bi bàbá rẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká ní o bẹ àwọn ni, àwọn ò bá kọ̀, pé ọmọ náà mọ àwọn. Bí ohun tí wọ́n kùn níbí ṣe jáde ní Taipei ò yà mí lẹ́nu, òrìṣà ni, kí ni ọ̀nà jíjìn jẹ́ fún wọn. Torí náà ìdáhùn rẹ rèé: bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ni.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù ìkésíni sí ìpàtẹ rẹ tí o fi sínú àpò ìwé. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye àlejò, mo kọ mẹ́ta, torí bàbá rẹ ní àwọn ń bọ̀. Níbi oúnjẹ, mo ní àwa méjì ń jẹ ohun gbogbo, Ìyá Mazu ń jẹ ọsàn. Fi owó ọkọ̀ ojú irin ẹni méjì ránṣẹ́, Ìyá á jókòó lórí itan mi. Má gba báńkì o, ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mo dúró tì í di ọ̀sán kó lè bì í, kò bì í.

Ìyá Mazu tí ojú wọn là yìí á máa fi ojú rere wò ọ́. Ohun tí o bá fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, o ò ní ṣàì rí ẹni bá ọ parí rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ ni.

Mo gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn bàbá rẹ ò gbé gègé funfun yẹn sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kun Bun-tik sójú síléètì, wọ́n kun àkùkọ, wọ́n kun ẹlẹ́dẹ̀ méjèèje, ìlà wọn ń wọ́ díẹ̀, wọ́n ní ìgbì òkun náà kì í lọ gbọọrọ. Láàárọ̀ yìí ni gègé ò kọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí báyìí, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n ń wojú ọ̀nà bóyá ẹni tó ń pín lẹ́tà á yọ. Jọ̀wọ́, yíńkì rẹ̀ ti tán, fi yíńkì ránṣẹ́, kó pọ̀.