Ìbéèrè Tí O Kò Lè Dáhùn Lórí Fóònù

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, mi ò lè ṣe kí n má kí ọ, nítorí èmi ni mo bí ọ, ẹnu mi kò sì ní bá ọ wí kó má kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. O kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé wọ́n ti tún omi ẹ̀rọ ilé yín ṣe, àbí o ṣì ń gbé garawa gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti kí ọ tán.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, àmọ́ kò jẹ́ kó sinmi, ó tún gun òrùlé lánàá láti lọ kan páànù tí atẹ́gùn ṣí, nígbà tó kàn án tán kò mọ bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ló bá jókòó sórí ilé fún odindi wákàtí kan bí ẹni pé ó lọ gba atẹ́gùn níbẹ̀ ni. Bẹ́líìtì máṣíìnì mi ti já lẹ́ẹ̀mejì, mo so ó pọ̀, ó wá ń fo ojú rírán. Ilé ẹ̀kọ́ gbé aṣọ ọgọ́ta ọmọ wá fún mi láti rán, inú mi ì bá sì dùn jọjọ bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á sí mi létí nígbà tí mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, mo sì gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ ọlọ́mọ dànù. O ní ọ́fíìsì yín tún ń rán ọ lọ sí òkèèrè lóṣù tó ń bọ̀. O ní kí n fi káàdì báńkì kejì tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ sí ọ, pé ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni yóò máa bá ọ tọ́jú rẹ̀ báyìí, nítorí pé nǹkan tètè máa ń yé e. Èmi wá ńkọ́? Èmi tí mo rán aṣọ títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì kí o lè mọ ìwé tí o fi ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi? Inú ń bí mi. Inú ń bí mi gan-an ni, mi ò sì ní fi bò.

Jẹ́ ká tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tí o fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kíní, ìwọ fúnra rẹ lo jókòó sórí àpótí tí mo fi ń rán aṣọ, o na káàdì náà sí mi. O ní ọ̀kan ń bá ọ lọ, èkejì ń bẹ lọ́wọ́ mi, pé bí ti ọwọ́ rẹ bá sọnù, o máa pè mí, n ó sì ka àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ fún ọ. O ní n kò gbọdọ̀ kà á fún ẹlòmíràn. O ní àwọn olè ayé ìsinsìnyí máa ń fi ohùn ọmọ pe ìyá rẹ̀, pé àwọn há sí òkèèrè, pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ kí n bi onítọ̀hún ní ìbéèrè tí ìwọ nìkan lè dáhùn. Ìwọ lo sọ ọ́. Bàbá rẹ gbọ́, ó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Mo tọ́jú káàdì yẹn bí ojú. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi epo máṣíìnì nù ún kó má baà dípẹtà. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ sínú agolo bọ́tìnì kí àwọn oníbàárà má baà rí nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, nígbà tí mo wá rí i pé nọ́ńbà tún wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rán àpò kékeré kan fún un, mo fi bọ́tìnì méjì dè é. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé ó lè rán àpò?

Èmi náà sì fún ọ ní nǹkan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wù òtútù ni, mo tú ẹ̀wù nínípọn àtijọ́ bàbá rẹ, mo tún un gé, mo rán an fún ìwọ̀n rẹ. O wò ó, o yínmú. O ní ó wúwo. O ní ẹ̀wù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi wọ̀ ọ́ ní tipátipá ní ibùdókọ̀, mo sì sọ fún ọ lójú kòrókòró pé bí wàhálà bá bá ọ lọ́hùn-ún, tí ọ̀nà gbogbo dí, kí o di etí ẹ̀wù yìí mú. O ní àmín. Mi ò gbàdúrà, o ní àmín, fóònù lo sì ń wò.

Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, fóònù dún. Nọ́ńbà náà gùn ju téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ lọ. Ẹnì kan ń sunkún níbẹ̀, imú rẹ̀ dí, ó ní òun ni ọmọ mi, pé ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri ti gbé káàdì òun mì, pé kò sí eépìnnì lọ́wọ́ òun, kí n tètè ka nọ́ńbà. Mo rántí ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Mo bi í pé kí ni mo ní kí ọmọ mi dì mú bí wàhálà bá dé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kò sí àkókò. Mo tún bi í. Ó ní Ọlọ́run ni. Mo ní rárá. Ó ní ìgbàgbọ́ ni. Mo ní rárá o. Ó wá bi mí pé ṣé orí mi pé. Ọmọ mi kò lè bi mí bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí náà mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ba olè. Mo bú u bí ẹni láyin. Mo bú ìyá tó bí i, mo ní kò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo pa fóònù, àwọn oníbàárà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ sì kan sáárá sí mi.

Àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ pe bàbá rẹ lọ́jọ́ kejì pé ìwọ gan-an ni. Mi ò yọ téèpù lọ́rùn tí mo fi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí báńkì. Mo bá ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri wọn, mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó bá mi ṣí ikùn rẹ̀, ó ti gbé káàdì ọmọ mi mì. Ó ní nígbà wo. Mo ní lánàá, lókèèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Bí a bá fi owó sí i níbí tó ń jáde lọ́hùn-ún, ṣé kì í ṣe ọ̀nà tí owó gbà lọ ni káàdì máa gbà bọ̀? Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì na fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ní ẹni tó ni káàdì ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Mo ní bó bá lè wá fúnra rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi káàdì ṣe? Mo jókòó lórí àga wọn títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹkún ni mo sun délé, bí o bá fẹ́ mọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ ló wá ọ̀nà tí owó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí o dé, o sọ fún wa tẹ̀rín-tẹ̀rín pé fún ọjọ́ méjì tí o fi há yẹn, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé tí o wọ̀ sí ló ń pín búrẹ́dì àti tíì rẹ̀ fún ọ, pé òtútù mú débi pé ẹ̀wù mi ni o fi bora sùn, pé nígbà tí o ń bọ̀, tí o kò rí nǹkan fi dúpẹ́, o bọ́ ẹ̀wù náà, o fi ta obìnrin yẹn lọ́rẹ. Mo dìde, mo wọ yàrá lọ. O rò pé nítorí aṣọ ni. Bàbá rẹ náà rò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Owó wà nínú etí ẹ̀wù yẹn.

Lápá ọ̀tún, lábẹ́ àpò, níbi tí mo ti ṣẹ́ ẹ po. Owó ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Odindi ọdún kan ni mo fi ń yọ díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn lára owó iṣẹ́, mo kó o lọ bá ọkùnrin tó ń ṣẹ́ owó òkèèrè, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo fi ọ̀rá wé e, mo rán an ní irú ojú rírán tó jẹ́ pé bí o bá fa òwú kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á tú. Ìdí nìyẹn tó fi wúwo. Mi ò sọ fún ọ nítorí mo mọ̀ ọ́, bí mo bá sọ, inú bọ́ọ̀sì ni wà á ti tú u. Ìbéèrè tí mo bi ọ́ lórí fóònù, etí ẹ̀wù ni ìdáhùn rẹ̀, inú rẹ̀ ni owó sì wà. Ká ní o dáhùn, kò ní sí pé à ń ka nọ́ńbà káàdì kankan. O ń pín búrẹ́dì onígbàálẹ̀ jẹ, o sì ń fi owó bora sùn.

Bí obìnrin náà bá rí i, kó ná an, ó tọ́ sí i. Ó fún ọ lóúnjẹ nígbà tí èmi ń bú ọ. Bí mo bá rántí ìyẹn, ara mi ni inú máa ń bí mi sí, tó bá yá, á tún padà sọ́dọ̀ rẹ.

Mi ò fi káàdì ránṣẹ́. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé mo kí i, kó lọ bí ọmọ tirẹ̀, kó máa tọ́jú káàdì rẹ̀. Ìwọ ni kí o fi owó ránṣẹ́. Owó bẹ́líìtì máṣíìnì, owó ìpara orúnkún bàbá rẹ, owó aṣọ ṣòkòtò tí o jẹ́ kí n bà jẹ́, àti èyí tí n ó mú lọ bá ọkùnrin tó ń ṣẹ́ owó, má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀wù kejì ti wà lórí máṣíìnì. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wà á wọ̀ ọ́. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, dáná sun ún, nítorí ìbéèrè kan náà ni n ó tún bi ọ́.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ lọ́jọ́sí tó mú ọ bọ̀ yóò tún mú ọ lọ, yóò sì mú ọ padà bọ̀ wá bá mi. O kò ní há. Ebi kò ní pa ọ́ ní ilẹ̀ tí a kò ti mọ̀ ọ́. Ibi tí èmi kò bá sí, yóò bá ọ wá onígbàálẹ̀ síbẹ̀.

Àdúrà ni èyí. Èyí ni kí o ṣe àmín sí.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí inú ń bí.