Ẹ̀jẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Mo ti sin ọmọ mẹ́ta, mo mọ ohun tó pa wọ́n, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan nílé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi. Tísà ni mí, Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ ọmọ, tísà náà ni ọkọ mi, oyún mìíràn sì tún wà nínú mi báyìí, ó ti pé oṣù mẹ́fà. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síkùn títí, ó ti fẹ́ẹ̀ ya mí ní wèrè. Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Kékeré la wà tí bàbá àti ìyá wa fi kú, ìdí òfì ni Bọ̀dá mi jókòó sí, tí wọ́n ń hun aṣọ fún ẹni tó ń gbéyàwó, tí àwọn fúnra wọn ò sì tètè gbéyàwó nítorí kí n lè kàwé. Wọn ò mọ̀wé kọ, èmi ni ìwé wọn. Nígbà tí mo wà níléèwé àwọn tísà, inú rírun kan dé tó di iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ṣe é fún mi ní ọsibítù kan lápá ibí. Iṣẹ́ abẹ yẹn yọrí sí rere o. Ó kàn jẹ́ pé ojú mi funfun, òòyì sì ń kọ́ mi bí mo bá dìde. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni, kí n máa lo tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀, kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́, kí n sinmi dáadáa, ara á bọ̀ sípò. Bọ̀dá mi ò gbà. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń wo ẹ̀jẹ̀ nígbà náà... bí wọn ò bá tíì gbé e kọ́ sókè kó máa kán sí ọ lára, wọ́n á ní wọn ò tíì tọ́jú ẹ. Ahunṣọ ẹgbẹ́ wọn kan ti gba ẹ̀jẹ̀ rí, kò pẹ́ tó fi padà sídìí òfì, ni Bọ̀dá mi bá gbà pé kò sí oògùn agbára tó tó o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kún ara àwọn, kí wọ́n fà á kí wọ́n fún àbúrò àwọn. Dókítà lé wọn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wa bára mu, wọ́n gbé e kọ́ fún mi.

Bí mo ṣe gbádùn nìyẹn, tàbí bí gbogbo wa ṣe rò pé mo ṣe gbádùn. Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá mi ò pè mí lórúkọ mọ́, Ẹ̀jẹ̀ Mi ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ṣe ohun tó dáa, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ló ṣe é, bí mo bá ya olóríkunkun, wọ́n á ní ìyẹn ti wà lára mi tẹ́lẹ̀ kí àwọn tó fi tàwọn kún un. A máa ń fi rẹ́rìn-ín gan-an.

Mo wá relé ọkọ. Àkọ́bí mi wáyé, ó ké dáadáa, ìyá ọkọ mi sì wá láti Ìpàpó wá wẹ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò pẹ́ rárá, ojú ọmọ pọ́n bí ìyeyè, ara rẹ̀ náà pọ́n, kò mu ọmú mọ́, ó ń nà gan bí igi, ó sì kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Èkejì náà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ìyá yìí wẹ̀ ẹ́. Ni àwọn èèyàn bá ní ọwọ́ ìyá ni. Nígbà tí mo bí ẹ̀kẹta, wọn ò jẹ́ kí ìyá débẹ̀ rárá, ọmọ náà tún pọ́n, ó tún kú... ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n ní láti Ìpàpó ni ìyá ti ṣe é. Kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá fẹ́ ronú kàn wọ́n, mi ò mọ ohun tí mo lè pè wọ́n.

Nígbà tí oyún yìí dúró, mo dá lọ sí Ìbàdàn, mo ní mo lọ ra ìwé fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Dókítà ibẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì fara balẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò sí nínú tèmi, àti pé ọsibítù tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára kò ní ohun tí wọ́n lè fi yẹ ìyẹn wò nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá mi ní in. Ara mi ò mọ̀ ọ́n rí, ló bá kọ́ bí yóò ṣe máa gbógun tì í, kò sì gbàgbé mọ́. Àwọn ọmọ mi jogún nǹkan náà lára bàbá wọn, èmi ìyá wọn ni ara mi ń pa ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà fún irú wa, àmọ́ ó ti pẹ́ jù fún mi. Ó wá béèrè ta ló ní kí wọ́n fún mi lẹ́jẹ̀, torí pẹ̀lú bí mo ṣe ròyìn ara mi, tábúlẹ́ẹ̀tì àti ìsinmi ì bá tó mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ tí a fi ń ṣe èèyàn lálejò, pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ nílò. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ní kí wọ́n fún mi.

Kí ni ǹ bá sọ? Ẹni tó tọ́ mi ni mo máa dárúkọ?

Ẹ wá wò ó o, Bọ̀dá mi yìí gan-an ló le jù nínú àwọn tó ń bá ìyá ọkọ mi jà. Wọ́n ti lọ sí Ìpàpó lọ pariwo lé ìyá lórí lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ fún ìyá mọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìyá tún fi òrí rán awakọ̀ sí mi, òrí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pé kí n máa fi pa ọmọ tó ń bọ̀ lára. Ọkọ mi ní kí n dà á nù, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi. Lẹ́yìn Iléyá ni Bọ̀dá mi àti àwọn àgbà ilé ọkọ mi fẹ́ lọ lé ìyá kúrò nínú ilé tó ń gbé, kí ọmọ yìí lè dúró. Èmi sì mọ̀ pé ìyá ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọmọ yìí ńkọ́? Dókítà ò ṣèlérí kankan fún mi. Ó ní ó lè kú sínú, bí wọ́n bá sì bí i láàyè, Ìbàdàn ni kí wọ́n ti bí i, kí wọ́n lè máa pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tí yóò bá a mu, èyí tí kò ní nǹkan yẹn bíi tèmi, sì ṣọ̀wọ́n. Ọkọ mi ní kí ni mò ń wá lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ọ̀tá wa wà ní Ìpàpó. Bí mo bá fẹ́ kó gbà, àfi kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó bá sì ti gbọ́, Bọ̀dá mi á gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́ tó kọjá, Bọ̀dá mi wá kí mi láti mọ́sálásí. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ mi wú, pé ojú mi ti funfun, omi lé sójú wọn. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n na apá náà sí mi, wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, pé bí ọmọ yìí bá dé tó nílò ẹ̀jẹ̀, tàwọn ṣì wà níbẹ̀. Mo di apá náà mú.

Ṣé kí n sọ fún wọn? Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní lọ ṣe ara rẹ̀ léṣe? Bí mi ò bá sọ ńkọ́, ìyá arúgbó á di ẹni tí kò nílé, ọmọ yìí náà á sì lọ láìlórúkọ... bí mo bá sọ tán, tí ọmọ tún kú, àǹfààní wo ni mo jẹ? Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ahunṣọ kan tó mọ̀wé máa ń ka ojú ìwé yìí sí Bọ̀dá mi létí níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ibẹ̀ ni kí n jẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, àbí kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni?