Lẹ́tà Tí Màmá Tún Ṣe

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ti fi dosié mi, àwọn ìwé tí mo fi ń wá àyè nílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ránṣẹ́.

Lẹ́tà inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sinmi láti ijọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Mo kọ nípa ọjọ́ tí gìrì mú Ṣadé, àbúrò mi, lóko Ofè. Mo ní ẹkún ni mo kàn ń sun, pé n kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Màmá kò gbọ́ Faransé, mo wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣa kajú. Ni wọ́n bá dá ọwọ́ dúró.

"Ta ló sunkún? Èmi ni mo sunkún. Ìwọ lo yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, tí o gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, pé n kò gbọdọ̀ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà yẹn!"

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mi kọ́ ni?"

N kò rántí ṣíbí kankan. Ẹ̀rù yẹn nìkan ni mo rántí.

Mo tún lẹ́tà náà kọ, mo sì gbé e lọ sí àdúgbò Plateau, níbi tí kọ̀mpútà wà, láti fi í ránṣẹ́.

A pọ̀ tí a ń wá àyè yẹn. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, mo gbà pé mo lè ṣe iṣẹ́ náà.