Ohun Tí Mo Kà Nípa Pásítọ̀ Wa Àtijọ́

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ètè mi wú. Tíì gbígbóná pàápàá kò ṣeé mu.

Wọ́n ní kí n ka ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àwọn pásítọ̀ rẹ̀ fún ìjọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọ Congregational tó kọ́ ilé rẹ̀ ní ìlú wọn níbí, inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Ìgbà tí mo dé orí Daddy Adéoyè, pásítọ̀ wa àtijọ́ tó jókòó níwájú, mo kà á bí ìwé ìpàdé ṣe kọ ọ́. Kò fẹ̀yìn tì bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ó lu Mama Ṣadé, tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, títí ojú òsì Mama fi fọ́. Ìjọ dìbò, wọ́n lé e.

Kúnlé ọmọ rẹ̀ fò dìde. "O ń purọ́ mọ́ daddy mi." Ó fi àga gbá mi lẹ́nu. Mo ṣubú, ó gun àyà mi, ó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò mí. Ọkùnrin mẹ́ta kò lè fà á kúrò.

Daddy ló sọ̀rọ̀: "Kúnlé, fi í sílẹ̀. Mo lu Mama Ṣadé."

Kúnlé wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Mama Ṣadé fúnra wọn ló nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi. Mo sìn wọ́n dé ibùdó bọ́ọ̀sì ní Beresford Square. Mo ní, "Mama, ẹ má bínú, ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi yín kí n tó kà á."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n Ṣadé, ọmọ mi nìyẹn. Fọlákẹ́ lorúkọ tèmi, òun ni kí o kọ sínú ìtàn náà."

Mo ti kọ ọ́.