Lẹbẹ Ẹja Bíńtín

Vancouver, Kánádà
Oṣù Kẹsàn-án, 1995

Ìyá Ọmọpẹ́,

Ara mi le, má dààmú. Dókítà kàn ní kí n má tíì wọ bàálù nítorí àyà mi ni. Ṣé ẹ ti tún òrùlé abà Másífà ṣe?

Iṣẹ́ ọmọ wa ti yé mi báyìí. Ẹja kan wà níbí tó ń jẹ́ sámọ́nì. Òkun ló ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n odò tí wọ́n bí i sí ló máa ń padà sí. Bí àwọn apẹja bá kó o lókun, Ọmọpẹ́ á gé lẹbẹ rẹ̀ bíńtín, á yẹ àbùdá ìran tó wà lára rẹ̀ wò láti mọ odò tó ti wá. Bí ẹja odò kan bá ń tán lọ, wọ́n á dá ẹja pípa dúró kí ìyókù lè délé.

Mo bi í pé, "Èyí tó bá kú sọ́nà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Bíńtín yẹn ti tó. A ó ṣáà mọ ilé ẹ̀."

Mo rántí Àyànníyì tó kú sí Abidjan, tó jẹ́ irun àti èékánná rẹ̀ nìkan la rí sin sílé ní Ìsúndúnrìn.

Mo gé irun lánàá. Mo pọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ àti èékánná mi sínú bébà tó wà nínú lẹ́tà yìí. Fi í sínú àpótí mi, má jẹ́ kí òjò kán sí i. Má sọ fún Ọmọpẹ́. Mo kàn ń ṣọ́ra ni.

Bá mi kí Fábọ̀sẹ̀ àbúrò mi. Sọ fún un pé mo ń bọ̀.

Ọkọ rẹ,
Fámúyìwá