Ta Ló San Owó Ìwé Yín, Bàbá Mi?

Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà láàárín wa. Òkúta orí sàréè yín tó ti tẹ̀ látìgbà òjò, mo ti sanwó rẹ̀, wọ́n ti gbé e dúró ṣánṣán. Mi ò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ mí. Èsì ìbéèrè kan ṣoṣo ni, mo sì fẹ́ gbà á.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín gbé níbi tí ẹ wà.

Yunifásítì tí ẹ lọ kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Bébà tó nípọn, irú èyí tí wọ́n máa ń lò nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n fẹ́ dá sikọ́láṣípù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó bá wá láti ilẹ̀ tí òyìnbó ti ṣèjọba lé lórí rí, ọmọ kan lọ́dọọdún. Orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ fi pè é. Wọ́n ti rí fọ́tò yín, ẹ̀yin àti kóòtù gígùn yẹn, tí ẹ ò rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ ni kí n wá fọwọ́ síwèé pé mo gbà.

Ẹ mọ̀ mí. Mi ò kì í fọwọ́ sí ohun tí mi ò bá tíì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi ìka tọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Owó ilé-ìwé ni wọ́n máa san. Wọn ò dárúkọ físà, wọn ò dárúkọ ọkọ̀ òfurufú, wọn ò sọ ibi tí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn, bí yàrá ṣe wọ́n tó ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n níbí. Ọ̀fẹ́ wo nìyẹn? Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n rántí yín, nígbà tí ẹ fi gbogbo ọdún yẹn ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ìwé-ẹ̀rí wọn kọ́ sára ògiri?

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi fìdí jókòó. Ìlà kan wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé láti ọdún kejì yín ni ìjọba ti ń san gbogbo owó yín, ti ilé-ìwé, ti oúnjẹ, ti ilé, nínú sikọ́láṣípù tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn.

Bàbá, ìlú ló rán yín wá. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n máa ń pe orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan níwájú mọ́ṣáláṣí, tí kálukú á mú ìdáwó tirẹ̀ wá, kí ọmọ ìlú lè kàwé dópin, kó sì dá a padà tó bá ríṣẹ́. Ìyá àgbà ta aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi dá a. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, ẹ kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, pé ẹ ṣì ń dá owó ìlú padà, kò sí ti sẹ́kọ́ńdìrì. Mo sunkún, mo gba abẹ́rẹ́. Títí dòní, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Rye Lane, sòkòtò ọmọ ẹlòmíràn tó ń lọ sí yunifásítì ni mò ń gé lẹ́sẹ̀.

Tí ìjọba bá ń san, kí ni ìlú ń dá? Kí lẹ wá ń dá padà?

Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ bá Uncle Múfú ní Forest Hill, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ gbé yàrá kan nígbà tí ẹ jọ wà ní yunifásítì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tíì darúgbó. Mo tẹ́ lẹ́tà náà síwájú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọmọ yìí, o ò lè jẹ́ kí òkú sinmi?"

"Ẹ má bínú, Uncle. Ẹ jẹ́ kó dáhùn ná, kó tó máa sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti lẹ́tà náà padà sí mi.

"Èmi ni. Owó ìlú yín, èmi ni mo fi kàwé. Bàbá mi kú nígbà tá a wà ní ọdún kejì, wọ́n sì fẹ́ lé mi jáde nítorí owó. Bàbá ẹ ní kí n máa gba ti ìlú, pé ìjọba ti ń san tòun."

"Uncle, ìlú tiyín àti tiwa ń jà nítorí ààlà nígbà yẹn."

"Ṣé o ti wá rí ìdí tí kò fi lè sọ? Kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ọ̀tá ni wọ́n ń dáwó fún?"

"Ẹ̀yin náà ò wá dá a padà?"

"Mo ní kí n san. Ó ní kí n kọ́kọ́ ra ilé ná. Nígbà tí mo ra ilé tán, ó ní òun ti san án tán."

Mo wo ilé náà yí ká, Bàbá. Alájà méjì, ọgbà wà lẹ́yìn. Ta ló máa purọ́ tó máa sọ ara rẹ̀ di onígbèsè? Àmọ́ ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún, gbèsè wo ló tún ń bà á lẹ́rù? Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ ná owó náà, tí ọ̀rẹ́ yín kàn ń fi aṣọ bò yín.

Tó bá sì jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ rere lẹ ṣe, ṣùgbọ́n èmi lẹ fi ṣe é, ẹ ò sì bi mí. Nígbà tí mo wá bá yín ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ máa ń mú aṣọ tí mo bá rán, ẹ á fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ ń wá àṣìṣe ni. Ṣé ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ mí?

Tí mo bá fọwọ́ síwèé náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìjọba nìkan ló tọ́ yín, àwọn tó ta aṣọ ara wọn á wá di òfo. Tí mo bá ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí i, àwọn àgbà tó kù nílé á ṣírò ọdún, wọ́n á béèrè ibi tí owó ọdún mẹ́ta yòókù gbà lọ, wọ́n á pè yín lólè. Tí mo bá sì kọ̀ pátápátá, ọmọbìnrin kan wà níbì kan tó mọ̀wé, tí wọ́n ti ń wá ọ̀gá aránṣọ fún.

Mo máa fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n máa kọ ìlú sí i, Uncle sì máa fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi, kí ẹni tó bá fẹ́ bú yín lè kà á. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹ máa ń wá sójú àlá mi, ẹ kàn máa ń jókòó ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n ń retí mi ní ọ́fíìsì yunifásítì náà ní àdúgbò Elephant, ohun tí mo bá sì ti kọ síbẹ̀, mi ò ní lè pa á rẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì gbà yín gbọ́ tán.
Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí èsì yín.