Àtàǹpàkò Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Túúbá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹsàn-án

Jẹ́nẹ́rà gba àlejò lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni Jẹ́nẹ́rà. Lẹ́fútẹ́náǹtì ló jẹ́ lójú ogun, èmi ni mo gbé oyè rẹ̀ ga. Kò tíì dúpẹ́.

Àlejò náà — dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó ohun ogun àtijọ́ jọ sílé. Àṣíborí. Bàtà. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ tó wọ bàtà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ra ìwé túúbá. Ìwé yẹn gan-an, tí Jẹ́nẹ́rà fọwọ́ sí lórí òkè lọ́jọ́ tí ọta ìbọn tán lọ́wọ́ wọn.

Jẹ́nẹ́rà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Kò fojú kan ìwé náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Dókítà Eyín fẹ́ kó wá dúró tì í kí wọ́n ya fọ́tò. Ó ní tí ẹni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà láyé, iyì ìwé náà máa ń pọ̀ sí i lójú àwọn tó ń kó wọn jọ. Mo ní kó tètè ya fọ́tò rẹ̀ o, ọjà náà ti fẹ́ máa rà. Sájẹ́ǹtì fojú bá mi wí. Sájẹ́ǹtì ni ọmọ Jẹ́nẹ́rà obìnrin, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa nínú ilé yìí.

Jẹ́nẹ́rà ní òun á wá. Ohun kan péré ló bèèrè: ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun rí ẹ̀yìn ìwé náà?

Dókítà ní kí ló le nínú ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹsàn-án

Mo mọ ohun tó ń wá lẹ́yìn ìwé. Àbíkẹ́yìn wa ni.

Òun náà wà lórí òkè yẹn lábẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́gun fẹ́ mọ iye ẹni tí wọ́n gbà láàyè, wọ́n ní kí gbogbo wọn tò, kí kálukú tẹ àtàǹpàkò sẹ́yìn ìwé náà. Ìwé mìíràn kò sí. Àbíkẹ́yìn tẹ tirẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìgbẹ́ gbuuru pa á ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n sin ín pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ilé wa jóná nígbà ogun. Kò ku fọ́tò rẹ̀ kan, kò ku ẹ̀wù. Tí ìka yẹn kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbì kankan.

Èmi? Ẹsẹ̀ mi kan kò dára, wọn ò gbà mí síṣẹ́ ológun. Ilé ni mo jókòó sí, mò ń kọ́ iṣẹ́ fírémù, mò ń fi dígí sójú àwòrán ìyàwó oníyàwó.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹsàn-án

Òjò. Jẹ́nẹ́rà fá irùngbọ̀n láàárọ̀, ó tún un fá nírọ̀lẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wo lẹ fẹ́ lọ rí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹsàn-án

A lọ sílé Dókítà Eyín. Yàrá tó tutù, kọ́tìnnì dúdú. Dókítà Eyín dúró síwájú ìwé bíi tíṣà, ó ń sọ ibi tó ti rìn dé. Ọ̀gá àwọn tó ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ mú un, ó ká a sápò àyà rẹ̀, ó gbé e relé. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ kó o sínú agolo bisikíìtì. Ọmọ wọn tà á fún ẹni tó ń ra sítáńbù àti owó ẹyọ àtijọ́. Ìyẹn tà á fún lọ́yà kan, ó gbé e kọ́ pálọ̀. Lọ́yà kú, wọ́n tà á pọ̀ mọ́ àga rẹ̀. Mo ní ìwé yìí ti sin òkú ju pásítọ̀ lọ, kí Dókítà ṣọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ń bọ̀ wá gbọ́n.

Iwájú ìwé — ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi, ó dára. Ohun kan péré ló bèèrè lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n má ṣe pa ẹnì kankan nínú àwọn ọmọ ogun òun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Aṣọ Funfun ni àwọn ará ìlú ń pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn títí dòní, torí aṣọ tó gbé sókè lọ́jọ́ náà. Kò dá wọn lóhùn rí.

Wọ́n ní kí èmi oníṣẹ́ fírémù tú u. Mo yọ ìṣó wẹ́wẹ́. Mo yọ dígí. Mo fi èékánná ṣí etí ìwé.

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Oní-sítáńbù ló ṣe é, kó lè tẹ́jú, kó lè yá tà. Dókítà Eyín búra pé òun ò mọ̀.

Jẹ́nẹ́rà ti na ọwọ́ dúró dè mí. Mo sọ fún un. Ó wá ní, "Wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sínú kòtò náà nìyẹn."

Wọ́n ya fọ́tò. Mo wá ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ títí, n ò rí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹsàn-án

Kò jẹun. Sájẹ́ǹtì pàṣẹ, kò jẹun.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹsàn-án

Dókítà Eyín padà wá. Ó fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé páálí náà, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun. Ó ní fọ́tò ti jáde, ojú tí òun rí lára Jẹ́nẹ́rà níbẹ̀, òun ò lè gbé e kọ́. Ó kọjú sí mi: "Bàbá, ṣé ẹ lè ṣí i kúrò?"

Mo sọ òótọ́, láìfi àwàdà kún un. Sítáàṣì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, omi gbígbóná á tú u. Yíǹkì tí wọ́n fi tẹ̀ka lẹ́yìn ní òróró nínú, omi ò ní mú un. Ṣùgbọ́n yíǹkì gègé ló wà níwájú. Gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀yìn á pàdánù iwájú.

Dókítà kọjú sí Jẹ́nẹ́rà, ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ bá wí la ó ṣe."

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N ò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀rí yín nìyí o. Òun nìkan ló ń sọ ohun tí ẹ bèèrè fún wọn. Tó bá lọ, Aṣọ Funfun lẹ ó jẹ́ títí láé."

Jẹ́nẹ́rà ní ká fún òun láyè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹsàn-án

Ó ní kí n gbé omi kaná lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹsàn-án

Abọ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì ìdáná. Dókítà Eyín bá mi di etí rẹ̀ kan mú. Sájẹ́ǹtì jáde síta, ó ní òun ò lè wò ó.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ṣí. Omi di búlúù. Lẹ́yìn náà, ohun tó bèèrè fún wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń wò ó. Mo ní ṣé kí n dúró? Ó ní kí n máa ṣiṣẹ́ mi.

Ìwé náà bọ́. Mo dà á dé sórí aṣọ mímọ́. Àtàǹpàkò, ìlà lórí ìlà, kò sí orúkọ kan lára wọn. Páálí ti gba òmíràn mọ́ra, ó ku àbàwọ́n.

Jẹ́nẹ́rà tẹ̀ ba débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ó ní, "Òun ló tò kẹ́yìn. Èmi ni mo ní kó bọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n má tètè rí i." Ó wá igun ìsàlẹ̀. Ìka ìkẹyìn wà níbẹ̀, odindi, kedere.

Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e lórí. Ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ó tún ṣẹ́ kù yí ká. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

Ó ní, "Ó kéré. Mo ti gbàgbé pé ọmọdé ni."

Èmi náà ti gbàgbé. Lọ́kàn mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń darúgbó bọ̀.